Lẹ́yìn Oyè Ọ̀mọ̀wé, Níbo Ló Kù?

Lóṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí a ń pè ní postdoc ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ òbí ni iṣẹ́ yìí kò yé. Wọ́n á ní, "Ṣé ìwé náà kò tíì tán ni?"

Ìwé ti tán. Iṣẹ́ ni postdoc, owó sì ń bẹ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni, nítorí pé owó ìwádìí tí wọ́n fi ń sanwó náà ní ọjọ́ tí yóò tán. Kí ẹbí má tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ilé tí ọmọ yóò kọ́ o.

Báwo ni a ṣe ń rí i? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín. Àwọn kan ń fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ọ̀jọ̀gbọ́n, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò dá irú rẹ̀ lóhùn? Ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ní Amẹ́ríkà, pàápàá nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀jọ̀gbọ́n tí owó ìwádìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń yan ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Ẹ ka ohun tí ó kọ ní ọdún méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀ fún un ní ìlà bíi márùn-ún, àti ohun tí ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan péré.

Bákan náà ni ti ẹ̀bùn owó ìwádìí. Ti Humboldt ní Jámánì àti ti Marie Skłodowska-Curie ní Yúróòpù, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò gbà yín sọ́dọ̀. Nínú ìpè Marie Curie ti ọdún 2025, ẹni tí ó ti gbé ní orílẹ̀-èdè tí ó ń lọ ju oṣù 12 lọ láàrin oṣù 36 tí ó ṣáájú ọjọ́ ìparí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ jọ jókòó sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà J-2 lè tọrọ àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan mú àwọn kan tí ó gba J-1 pé kí wọ́n padà gbé nílé fún ọdún 2 kí wọ́n tó lè gba àwọn físà mìíràn. Ẹ béèrè bóyá ó kàn yín.

Ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ sanwó kí òun tó fún yín níṣẹ́ yunifásítì, gbájúẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ti ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì tí ẹ wà nínú ìjọ ni. Lẹ́tà ẹ̀rí tí ọmọ tọrọ lọ́wọ́ yín ń sùn lórí tábìlì, ọjọ́ ìparí sì ń kọjá lọ. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, márùn-ún ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni ẹ dì mú yẹn. Bí ẹ kò bá ráàyè kọ ọ́, ẹ sọ fún un lónìí kí ó lè tètè bá ẹlòmíràn.