Kòkó ti lọ, owó kò dé: Ariwo àwọn aṣòfin Ghana kan Nàìjíríà náà

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà ní ìbòòji. Òwe yìí bá ohun tí ojú àwọn àgbẹ̀ olókòkó rí ní orílẹ̀-èdè Ghana láti ìparí ọdún 2025 wọ ọdún 2026 mu. Àgbẹ̀ ká kòkó, ó fọ́ ọ, ó fi ewé bò ó, ó sá a títí tó fi gbẹ, ó dì í sínú àpò, ó sì gbé e fún ẹni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti rà á. Kòkó lọ, owó kò dé.

Ní January 2026, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò ní Ghana fi ọ̀rọ̀ náà síta. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò tíì rí owó kòkó tí wọ́n ti tà láti November 2025, wọ́n sì ní kí ìjọba tètè san án. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó gbé ọjà sílẹ̀ tí kò rí owó gbà, tí kò sì mọ ọjọ́ tí yóò gbà á, ti yá ẹni tó rà á lówó láìfẹ́, láìsí èlé. Báńkì wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn? Àgbẹ̀ tó ń wá owó iléèwé ọmọ, tó ń wá owó oògùn tó máa fín sóko, ni wọ́n wá sọ di báńkì ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n ká máa pariwo "ẹ sanwó" nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ tó gba ìjọba ní January 2025 ló wà nípò alátakò ṣáájú ìgbà yẹn, òun náà sì sọ̀rọ̀ gan-an lórí ìyà tó ń jẹ àgbẹ̀ kòkó. Ipò wọn ló yí padà, ìyà àgbẹ̀ kò yí padà. Wàhálà yìí ti pẹ́ pàápàá. Lọ́dún 1982 ni Ghana bẹ̀rẹ̀ ètò sọ̀wédowó tí wọ́n pè ní Akuafo Cheque, nítorí pé ìwé pélébé làwọn tó ń ra kòkó máa ń kọ fún àgbẹ̀ dípò owó. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àgbẹ̀ ṣì ń fi ọwọ́ òfo darí sílé.

Kí ló wá fà á lọ́tẹ̀ yìí? Láti sáà 1992/93 ni COCOBOD, àjọ ìjọba tó ń bójú tó kòkó ní Ghana, ti máa ń yá owó lọ́wọ́ àwọn báńkì òkèèrè kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tó di sáà 2024/25, wọ́n fi ètò yìí sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà máa mú owó sílẹ̀ ṣáájú. Ètò náà rọrùn nígbà tí ọjà ń gbóná, nítorí pé ní December 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $12,000 lọ́jà àgbáyé. Àmọ́ ní February 2026, kò tó $4,000 mọ́.

Bẹ́ẹ̀ Ghana ti kéde ní October 2025 pé 3,625 cedi ni òun máa san lórí àpò kan tó wọn kílò 64. Iye ọjà já wálẹ̀, iye tí wọ́n kéde dúró sókè, àwọn oníbàárà bá fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọn kò mú owó wá mọ́, kí làwọn tó ń ra kòkó lóko fẹ́ fi san? Ní February 2026, ìjọba gé iye náà wá sí 2,587 cedi. Àgbẹ̀ tí kò tíì gba owó ti àtẹ̀yìnwá tún gbọ́ pé èyí tó kù lóko ti dín ní nǹkan bíi 29 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn aládùúgbò nìyí. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ń san iye tó kéré, tàbí tó ń fi owó falẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni kòkó rẹ̀ máa ń gbà jáde. COCOBOD sọ pé ní sáà 2023/24, kòkó tó lé ní 160,000 tọ́ọ̀nù làwọn onífàyàwọ́ kó jáde ní Ghana. Ìlú tí owó bá ti yá jù ni kòkó ń lọ. Ivory Coast ní tirẹ̀ kéde 2,800 sẹ́fà lórí kílò kan ní October 2025, àmọ́ òun náà kò bọ́. Nígbà tó fi di January 2026, ìjọba ibẹ̀ ní láti ṣèlérí pé òun máa ra kòkó tó jókòó sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjì tó ń pèsè ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ wá ń jìyà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe pé wọn kò ní àdéhùn. Ní March 2018, ààrẹ méjèèjì fọwọ́ síwèé ní Abidjan pé àwọn á jọ máa ṣe ètò kòkó. Ní 2019, wọ́n jọ ní kí àwọn oníbàárà máa fi $400 lé owó tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan nítorí àgbẹ̀, sáà 2020/21 ló sì bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ iye ni wọ́n jọ ń sọ, wọn kò jọ sọ ọjọ́ tí owó máa dé ọwọ́ àgbẹ̀. Iye tó dára tí kò dé ọwọ́ kò yàtọ̀ sí oúnjẹ ojú àlá.

Àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó, Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì lè ní kò kan òun. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti tú àwọn Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ká ní 1986, kò sí bọ́ọ̀dù ìjọba tó lè jẹ ẹ́ lówó kòkó. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí ọjà já wálẹ̀, orí rẹ̀ ló já lé, kò sì sẹ́ni tó bá a gbé e. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀dù àtijọ́ padà bó ṣe wà. Owó orí àti owó kékeré tí wọ́n ń san lórí kòkó wà lára ohun tó bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969.

Ohun tó yẹ ni pé kí àwọn aṣòfin gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí gbogbo wọn ti ń pàdé. Ghana, Ivory Coast, Togo àti Nàìjíríà ló ní aṣòfin nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ECOWAS tó wà ní Abuja. Àmọ̀ràn ló pọ̀ jù nínú agbára ilé náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti lè fẹnu kò, kí oníkálùkù sì lọ sọ ọ́ dòfin nílé. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ bí owó rẹ̀ kò bá sí nílẹ̀. Èkejì, kí òfin dá ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, kí èlé sì máa gorí rẹ̀ bí ọjọ́ náà bá kọjá. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìjọba tó ń kéde iye jọ máa kéde rẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ọjà bá yí, kó má di pé àgbẹ̀ ń dúró de owó tí kò sí níbì kankan. Ní ti Nàìjíríà tí kì í kéde iye, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ olókòkó lè jọ dá owó sílẹ̀ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ á fi máa dúró nígbà tí ọjà bá dorí kodò. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá jọ dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020 nítorí ààbò. Ohun tí wọ́n lè ṣe nítorí oko náà ni.

Ó dáa bí àwọn aṣòfin Ghana ṣe sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òfin bá ń sanwó àgbẹ̀, yálà ẹgbẹ́ yìí ló ń ṣèjọba tàbí ẹgbẹ́ yẹn, ni àgbẹ̀ máa mọ̀ pé àwọn aṣòfin ṣojú òun lóòótọ́.