Ohun Tí A Fi Pamọ́, Ta Ló Mọ Ibi Tó Wà?

Ẹrù kékeré kan tó yẹ kí gbogbo ìdílé ní nípamọ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ẹrù tí omi kò lè wọ̀, tí kì í bá ilé jóná, tí ẹni tó sá jáde lóru lè padà lọ mú. Àwọn kan ń rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn kan ń gbé e sọ́dọ̀ ẹbí. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Alexandra, ní ìlú Johannesburg, Gúúsù Áfíríkà.

Alex ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ọdún 1912 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ó sì wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí aláwọ̀ dúdú ti lè ra ilẹ̀ tirẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Sandton, níbi tí àwọn olówó kó ilé gogoro sí, kò jìnnà sí i rárá. Ṣùgbọ́n ní Alex, àgbàlá kan ṣoṣo lè gba ìdílé tó pọ̀, yàrá onípáànù á so mọ́ yàrá onípáànù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ tí ọmọdé lè fi ta bọ́ọ̀lù. Odò Jukskei ló gba inú àdúgbò náà kọjá.

Ohun méjì ló ń lé èèyàn jáde nílé níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Omi ni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, òjò ńlá kan rọ̀ ní Johannesburg, Jukskei kún kọjá bèbè rẹ̀, ó sì gbé ilé onípáànù lọ ní Setswetla tó wà létí odò. Ìkejì ni ìbínú ọmọ èèyàn. Lọ́jọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, Alexandra ni ìkọlù sí àwọn àjèjì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ràn dé àwọn ìlú mìíràn. Èèyàn 62 ló kú kó tó rọlẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ló sì sá kúrò nílé. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Alex sá lọ, aṣọ ọrùn wọn sì ni ẹrù tí ẹlòmíì mú dání.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn èèyàn wa gbọ̀ngbọ̀n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí ìkọlù tún bẹ́ sílẹ̀ ní Johannesburg. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Air Peace yọ̀ǹda láti gbé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ padà wálé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ 11 oṣù náà, àwọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n lé ní 170. Ọkọ̀ náà pẹ́ kó tó gbéra, ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà sì wà lára ohun tó fa ìdádúró. Ẹ rò ó wò ná: ọkọ̀ ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀, ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀, ìwé pélébé kan ni yóò pinnu ẹni tó máa wọlé.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lókèèrè nìyẹn. Ẹni tó bá ti dàgbà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 kò lè gbàgbé odò Ògùnpa. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣe ọṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí àgbàrá bá gbé àga àti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ lè rà òmíràn bó pẹ́ bó yá. Ìwé ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ọ̀tọ̀ ni wàhálà tiwọn.

Kí la wá fẹ́ fi pamọ́? Ohun tó bá lè jẹ́ kí ìdílé dìde ni. Ẹ kó ẹ̀dà àwọn ìwé pàtàkì jọ: ìwé ìrìnnà, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sínú èyí tí ẹ máa rì mọ́lẹ̀. Kí ojúlówó wà nínú báàgì kan ṣoṣo tí ọwọ́ lè tètè bà nínú ilé. Ẹ fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà fóònù ẹbí márùn-ún sórí ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ nọ́ńbà ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lórí mọ́. Ẹ kọ orúkọ oògùn tí màmá àgbà ń lò àti bí wọ́n ṣe ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má rì oògùn gan-an mọ́lẹ̀, ooru á bà á jẹ́. Tọ́ọ̀ṣì kékeré dára. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀ sọ́tọ̀ kó má baà ṣomi sínú rẹ̀. Owó díẹ̀ náà dára, àmọ́ kó má pọ̀. A ṣì rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n kéde rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kejì ọdún 2023, ẹni tó kó owó àtijọ́ pa mọ́ kò rí ẹni gbà á lọ́jà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló padà dá owó náà sílẹ̀ lóṣù Kẹta.

Ohun tí a máa kó o sí ńkọ́? Páìpù ike tó nípọn, tó fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́rin, irú èyí tí àwọn pọ́lọ́ńbà ń lò, ló dára jù. Ẹ fi gọ́ọ̀mù páìpù lẹ ìdérí mọ́ ìdí rẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì wá ìdérí tó ṣeé yí, tó ní rọ́bà, sí orí rẹ̀. Bí kò bá sí páìpù, ike ọ̀dà tí ìdérí rẹ̀ le náà ṣeé lò. Ẹ wé àwọn ìwé náà sínú ọ̀rá méjì kí ẹ tó kó wọn sínú rẹ̀, lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ gbẹ. Àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, tó ń fa ọ̀rinrin, ẹ má dà á nù mọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti wúlò.

Ẹ má tíì gbẹ́ ilẹ̀ o. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ nìkan sínú ike náà, ẹ dé e, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ rì sínú garawa omi títí di ọjọ́ kejì. Bí tíṣù bá tutù, ike yẹn kò wúlò. Ẹ sì rántí pé ike tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ máa ń léfòó. Nígbà tí ilẹ̀ bá mu omi yó, ó lè ta ara rẹ̀ sókè wá síta. Ẹ kó ẹrù kún un, kí ẹ sì to òkúta lé e lórí kí ẹ tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ibi gíga ni kí ẹ gbẹ́, kó jìnnà sí odò, sí ṣáláńgá, àti sí ibi tí omi òrùlé ń dà sí. Ẹ béèrè ibi tí wáyà iná àti páìpù omi gbà kọjá. Ẹni tó bá sì ń gbé irú àgbàlá Alex, níbi tí ojú ogún èèyàn wà lára yín, tí wáyà iná sì lè gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, kó má wulẹ̀ gbẹ́lẹ̀ rárá. Kó gbé ike náà fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó ń gbé àdúgbò mìíràn, lókè odò. Omi tó gbé ilé lọ kò gbọdọ̀ lè dé ibi tí ẹrù wà.

Ó ku ohun kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Mandela gbé ní Alexandra nígbà tó kọ́kọ́ dé Johannesburg ní nǹkan bí ọdún 1941. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, oko kan tí wọ́n ń pè ní Liliesleaf, ní Rivonia, ló sá pamọ́ sí fún ìjọba. Ní ọdún 1962, wọ́n fún un ní ìbọn ìléwọ́ kan ní Ethiopia. Ó gbé e wálé, ó rì í mọ́lẹ̀ nítòsí ilé ìdáná oko náà. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ọlọ́pàá mú un. Ọdún 1990 ló tó jáde lẹ́wọ̀n. Nígbà náà, wọ́n ti gé oko yẹn sí púlọ́ọ̀tì, ilé ti hù níbẹ̀. Àwọn tó sọ Liliesleaf di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wá ìbọn náà títí, wọn kò rí i.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Òkú là ń sin, a kì í retí pé kó padà. Ohun tí a bá ní a fi pamọ́, a mọ̀ pé a máa padà wá mú un. Ẹrù tí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ ibi tó wà, a ti sin ín nìyẹn, bó ti wù kí ike rẹ̀ dára tó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì mọ̀ ọ́n, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé yẹn. Ẹ ka ìṣísẹ̀ láti ara ohun méjì tí kì í ṣí kúrò, bí igun ilé àti kànga. Igi lè kú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kú lọ́dọọdún. Ẹ mú ọmọ tó ti gbọ́njú lọ síbẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ka ìṣísẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dá, ẹ hú u jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà tó ti yí padà.

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká sá kúrò nílé wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ bi ọkọ tàbí ìyàwó yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wa wà? Bí ìdáhùn bá pẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.