Ohun Tí A Bá Rà, Kí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Òkè Ọya,

A gbọ́ pé àwọn kan ń bèèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ géèmù àwọn ọmọ. Owó ta ni wọ́n fi ń rà á? Owó wa ni. Dátà tí wọ́n fi ń fà á sórí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Owó wa náà ni.

Àwa tí a ń pàtẹ ní ọjà mọ ohun tí à ń pè ní títà. Bí a bá ta aṣọ tán, a kì í lọ ṣí àpótí oníbàárà lóru kí á kó o padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, Ubisoft pa àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù The Crew gbára lé. Ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò san, ọgbọọgba ni wọ́n dà.

Òfin California, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025, ní kí ẹni tó bá kọ “rà” sára irú ọjà yìí sọ pé àṣẹ ìlò lásán ni oníbàárà ń gbà. Èyí tí ènìyàn lè fà sílé kó sì máa lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó yọ sílẹ̀. Ẹ ò rí i!

Àwọn tó ń sọ pé “ó wà lórí Steam, kò séwu” kò wò ó dáadáa. Ẹ̀dà tí Steam bá ṣe fún yín, Steam náà ni yóò tún bá yín ṣí i. GOG, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Poland, ń fúnni ní odidi fáìlì tí kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí dísìkì méjì (iná tiwa yìí, ẹ mọ̀ ọ́n), kí ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì dán an wò. A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa ta ẹ̀dà o, olè nìyẹn.