Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe

Àwọn kan a máa wí pé àbùkù wà lára iṣẹ́ tí Jarome Iginla ṣe nínú họ́kì orí yìnyín, nítorí pé kò gba ife Stanley títí ó fi fẹ̀yìn tì. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ni bàbá tí ó bí i. 'Igi ńlá' ni orúkọ náà. Adékúnlé sì wà nínú àwọn orúkọ rẹ̀. Orúkọ a máa ro ọmọ. Láti 1996 títí di 2017, ó kópa nínú eré 1,554, ó sì gbá góòlù 625 wọlé. Fún sáà 11 tí ó tẹ̀ léra, góòlù rẹ̀ kò dín sí 30 rí. Ta ni ó tún ṣeé gbára lé jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ní 2004, ó jẹ́ balógun Calgary Flames nígbà tí wọ́n dé eré keje, eré àṣekágbá fún ife náà. Tampa Bay borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Òun nìkan ti gbá góòlù 13 wọlé nínú ìdíje ọ̀hún. Kí ni kí ó tún ṣe? Igi kan kì í dá igbó ṣe, ìbáà jẹ́ igi ńlá.

Ẹgbẹ́ ni ó ń gba ife. Ènìyàn ni ó ń dúró ti iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yé fi ife díwọ̀n ọmọ ènìyàn.