Ta Ni Ó Ni Ojú Òkè Mápó?

Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ pátákó ìpolówó ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bú sẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Iná kò tó, omi kò tó, ọ̀nà kò dára, pátákó ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè yìí rí!" N kò bá wọn jiyàn pé iná àti omi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlú bá kọ sí iwájú orí rẹ̀ ni àlejò fi ń mọ irú ẹni tí ó jẹ́, òun náà sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ kékeré ń rí kí ó tó dé ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí á fi Ìbàdàn àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ, láti Òkè Mápó dé Ọjà'ba, kí á gba Bẹyẹrúnkà, kí á sì já sí Bẹẹrẹ. Ní 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí ìlú yìí. Ní 1929, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó sórí òkè. Níbẹ̀ náà ni ìlú péjọ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025, nígbà tí wọ́n fi Ọba Rashidi Ládọjà jẹ Olúbàdàn. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èéṣe tí a fi wá ń fi orí Ìbàdàn tẹlẹ̀? Pátákó fóònù ni, ti ọtí ni, ti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni, ti olóṣèlú tí ó ń rẹ́rìn-ín sí wa kí ìbò tó dé ni. Ọ̀kan ń bo ojú ọ̀kan. Orúkọ agboolé tí a fi símẹ́ǹtì kọ sára ògiri láyé àwọn baba wa ti di ohun tí à ń yọjú wò lẹ́yìn páànù olówó.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi àkóso ìpolówó ìta gbangba lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, nínú ẹsẹ kan náà tí ó ti dárúkọ ẹran ilé, ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì, ilé alágbàfọ̀ àti ọtí títà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà kò káwọ́ gbera: Èkó dá àjọ tirẹ̀, LASAA, sílẹ̀ ní 2006, Ọ̀yọ́ náà ní OYSAA. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé lórí pátákó, ẹ óò gbọ́ pé "Èló ni?" àti "Ta ni yóò gbà á?" ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé títóbi pátákó ni ó ń mú owó wọlé, ta ni yóò sọ fún un pé kí ó kéré? Ẹni tí ó ń bá alápatà pín èrè kò lè ṣe adájọ́ láàárín òun àti màlúù.

Nísinsìnyí, pátákó oníná ti dé, èyí tí àwòrán ń yí lójú rẹ̀ bí ti tẹlifíṣọ̀n. N kò kórìíra ọ̀làjú. Ìbàdàn yìí kan náà ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1959. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni tẹlifíṣọ̀n lè pa á nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Pátákó oníná tí ó bá dojú kọ fèrèsé agboolé, ta ni yóò pa á lóru? Bí iná ìjọba bá lọ, onílé yóò wà lókùnkùn, ẹ̀rọ amúnáwá pátákó yóò sì máa ké mọ́ ọn létí. Ẹ tún wo ọ̀nà tí ó ti Mápó sọ̀ kalẹ̀: ó dagun, èrò àti ọ̀kadà sì kún un. Awakọ̀ tí àwòrán bá gbà lójú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré lè ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

Àwọn ìlú mìíràn ti rí irú èyí, wọ́n sì ṣe ohun tí ó yẹ. São Paulo ní Brazil ṣe òfin ní 2006. Nígbà tí 2007 wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó pátákó ìpolówó ìta gbangba lulẹ̀. Ọjà wọn kò tú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin pátákó wọn ti 2007 fi àyè sílẹ̀ láti ya agbègbè kan sọ́tọ̀, níbi tí òfin yóò ti le ju ti ibòmíràn lọ. Bí òyìnbó bá ń ṣọ́ ojú ìlú tirẹ̀, kí ni ó dé tí a kò lè ṣọ́ tiwa?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti èdè. Ìpolówó ti wà lẹ́nu wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé pátákó dúró: ẹlẹ́kọ, ẹlẹ́wà, aláṣọ, Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń pe oníbàárà. Ìyá tí ó ń tajà lábẹ́ pátákó ní Ọjà'ba lónìí, Yorùbá ni ó ń sọ. Ẹni tí ó ń ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, Yorùbá ni. Pátákó tí ó wà lókè orí wọn nìkan ni ó ń fọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá sì fọ Yorùbá, bí akólòlò ni. BEERE ni wọ́n ń kọ fún Bẹẹrẹ. Àlejò tí ó bá kà á bí wọ́n ti kọ ọ́, béèrè ni yóò kà, yóò sì máa béèrè ọ̀nà lóòótọ́. Bí a bá kọ IGBA láìsí àmì, ṣé igba náírà ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi, àbí ìgbà tí à ń lò, àbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Èdè tí wọ́n fi tẹ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ní 1859, tí àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run jókòó lé àkọtọ́ rẹ̀ lórí l'Ékòó ní 1875, kì í ṣe èdè tí ó yẹ kí á máa kọ wúruwùru. Wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn kò mọ àmì í fi sí i. Irọ́ ni! Ẹ̀rọ tí ó lè ya ehín olóṣèlú kí ó tóbi tó ilẹ̀kùn, kò lè fi àmì kékeré sábẹ́ ọ?

N kò ní kí á lé Gẹ̀ẹ́sì lọ. Quebec ní Kánádà ṣe òfin ní 1977 pé Faransé nìkan ni kí ó wà lára pátákó ìṣòwò. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù fagi lé e ní 1988. Ní 1993 wọ́n tún òfin náà ṣe pé èdè mìíràn lè wà níbẹ̀, bí Faransé bá ti hàn jù. Èyí tó mi. Kí Yorùbá ṣáájú, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e bí àlejò tí ó mọ ara rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìlú páànù tí ó ti dípẹtà ni Ìbàdàn àtijọ́, ẹwà wo ni à ń dáàbò bò? Mo dá wọn lóhùn: bí aṣọ ìyá rẹ bá gbó, ṣé nítorí náà ni ìwọ yóò fi yá oníṣòwò ní àyà rẹ̀ kí ó máa lẹ ìwé mọ́ ọn? Àwọn mìíràn yóò ní owó pátákó ni a fi ń tún ìlú ṣe. Kí ó máa wọlé láti Dùgbẹ̀ àti láti ojú ọ̀nà Èkó. Ibẹ̀ fẹ̀ tó. Ẹ̀rù kẹta ni mo bọ̀wọ̀ fún: pé bí òfin bá dé, orí onígbàjámọ̀ àti télọ̀ ni yóò já lé. Òtítọ́ ni, a ti rí òfin tí ó mú eku tí ó fi ẹkùn sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí a pín ìgboro Ìbàdàn sí ní 1991. Èkíní, kí pátákó ńlá àti pátákó oníná kúrò ní Mápó, Ọjà'ba, Bẹyẹrúnkà àti Bẹẹrẹ. Èkejì, kí Yorùbá alámì ṣáájú lára èyí tí ó bá kù. Ẹ̀kẹta, kí pátákó kékeré tí oníṣẹ́ ọwọ́ gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ má san kọ́bọ̀. Kí wọ́n má sọ pé wọn kò lè ṣe é láìsí owó pátákó; ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó wọn láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tààrà.

Àwa náà ńkọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi? Bí òfin yìí bá dé lọ́la, ta ni yóò fi àmì sí ọ̀rọ̀ onípátákó? Iṣẹ́ wa ni. Kí á sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ lónìí pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ pátákó, kí ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá, a óò tún un kọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Olówó ti sọ tirẹ̀ lójú pátákó. Ó kù kí onílé fọhùn.