Ọjà Ni Ọjà Ń Jẹ́: Ẹ Má Tijú Láti Ná Ilé Ìdáná ní Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà ata àti tòmátì tí àwọn ìwé ìkọ́ni máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìdáná ni a fẹ́ rà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn, lórí tẹlifóònù, pé mo fẹ́ ra ilé ìdáná tuntun sí ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ń ra ilé ìdáná ni? Ṣebí kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ?”

Òótọ́ ni ìyá mi sọ. Nínú èdè wa, ilé ìdáná ni ibi tí a ti ń dáná. Bí ògiri, òrùlé àti ààrò bá ti wà, ó ti parí. Ohun tí wọ́n ń pè ní ríra ilé ìdáná ní Ìlú Ọba yàtọ̀. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù ni, àti ilẹ̀kùn wọn, pákó tàbí òkúta tí a tẹ́ sórí wọn, síǹkì, ẹ̀rọ omi, sítóòfù àti ẹ̀rọ tí ń fa èéfín, tí a ó ra gbogbo rẹ̀ papọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà kan ṣoṣo, ní iye tí ó lè tó owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ohun tí ó ń dùn mí nìyí. Ẹ lọ sí Rye Lane ní Peckham ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta iṣu. Ẹ ó rí àwọn ènìyàn wa tí wọn yóò ná iṣu kan títí pọ́n-ùn kan yóò fi kúrò lórí rẹ̀, tí wọn yóò sì tún bèèrè èènì. Ẹni kan náà ni yóò wọ ìsọ̀ ńlá tí wọ́n ti ń ta ilé ìdáná ní ọjọ́ kejì, tí yóò jókòó sórí àga onítìmùtìmù, tí yóò mu kọfí ọ̀fẹ́. Wọn yóò sọ fún un pé 9,000 pọ́n-ùn ni, yóò sì fọwọ́ sí ìwé láìla ẹnu. Ojú ń tì í. Ó rò pé iye tí a bá ti tẹ̀ sórí bébà ti di òfin, àti pé ará oko ni ẹni tí ó bá ná ọjà lábẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná. Mo fẹ́ sọ pé àṣìṣe ńlá ni.

Èmi gan-an ti jẹ̀bi ọ̀ràn yìí rí. Ní ọdún 2012, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé wa, mo wọ irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá mi lóhùn ya àwòrán ilé ìdáná náà sórí kọ̀ǹpútà, ó sì dára lójú lóòótọ́. Ó ní 12,400 pọ́n-ùn ni, ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀dínwó tí yóò parí lọ́jọ́ náà, 7,600 ni òun yóò gbà. Inú mi dùn, mo san 1,900 sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, aládùúgbò mi kan, ọmọ Íńdíà, tí ilé rẹ̀ bá tiwa dọ́gba, ra irú rẹ̀ gan-an ní ìsọ̀ kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, àwọ̀ kan náà. 5,300 ni ó san. Ẹ̀dínwó tí yóò parí lọ́jọ́ náà kò tíì parí. Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Ó ní òun kàn bi wọ́n pé ṣé iye tí wọn yóò gbà gan-an nìyẹn ni. Ìbéèrè kan péré, 2,300 pọ́n-ùn! Ọdún yẹn ni ìyàwó mi wà nílé pẹ̀lú ọmọ tuntun, owó oṣù ẹnì kan ṣoṣo ni a fi ń gbọ́ bùkátà. Ó ju ọdún kan lọ kí n tó san gbèsè tí mo jẹ nítorí rẹ̀ tán.

Ohun tí ó bí mi nínú jù ni pé èdè tí mo ń sọ láti kékeré ti kọ́ mi ní ohun tí ó yẹ kí n mọ̀. Nínú ọjà wa, iye tí ọlọ́jà pe ọjà kì í ṣe iye tí yóò tà á. “Èló ni ẹ pè é?” ni à ń bèèrè lákọ̀ọ́kọ́. Oníbàárà yóò wá ná an ní iye tirẹ̀, wọn yóò máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi dé “Èló ni jálẹ̀?” 12,400 yẹn, ìpè lásán ni. Nígbà tí ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di 7,600, ó ti bá ara rẹ̀ dúnàádúrà tán, ó wá ní kí n dúpẹ́. Èmi kò sì tíì sọ̀rọ̀! Àti ọdún 2008 ni òfin Ìlú Ọba ti kà á léèwọ̀ kí ọlọ́jà máa parọ́ pé àǹfààní kan fẹ́ parí, kí ojú lè kán oníbàárà. Òfin tuntun ti ọdún 2024 náà tún tẹnu mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òfin kò sí nínú ìsọ̀ nígbà tí kọfí bá ń gbóná lọ́wọ́ ẹni.

Ní ọdún 2024, omi tí ń jò lábẹ́ síǹkì ba àwọn kọ́bọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí n kò dá lọ. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí wọ́n bá mi lọ, àwọn tí wọ́n ta aṣọ ní Gbági, ní Ìbàdàn, fún ogún ọdún kí wọ́n tó wá bá àwọn ọmọ wọn níbí. Kí a tó wọlé ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi: “Má yin ọjà lójú ọlọ́jà o. Èyí tí ó bá wù ọ́, gbé ojú kúrò lára rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kí ọmọkùnrin tí ń tajà náà dáadáa. Wọ́n bi í bóyá ọjà ń tà, wọ́n sì bá a kẹ́dùn pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Wọ́n jẹ́ kí ó ya àwòrán rẹ̀ tán, ó tó wákàtí méjì. Nígbà tí ó pe iye rẹ̀, 9,850 pọ́n-ùn, ẹ̀gbọ́n mi kò bínú, wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó tú u palẹ̀. Èló ni àpótí kọ́bọ́ọ̀dù nìkan? Èló ni àwọn ilẹ̀kùn? Èló ni pákó òkè? Sítóòfù ńkọ́? Owó gbígbé rẹ̀ wá ńkọ́, àti owó àwọn tí yóò tò ó? Ṣé owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, ìdá 20 nínú 100, ti wà nínú rẹ̀? Ọmọkùnrin náà ní àpapọ̀ ni àwọn ń tà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọmọ mi, bí mo bá ra aṣọ mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ, ṣé n kò ní mọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?” Ó lọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ibẹ̀ ni àṣírí wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ara balẹ̀ síbẹ̀. Iye kan ṣoṣo kò ṣeé ná; ibo ni ẹ ó ti dì í mú? Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé sítóòfù tí wọ́n kọ 780 sí, 560 ni wọ́n ń tà á ní ìsọ̀ òdìkejì títì, a ó sì lè yọ ọ́ kúrò. Àpótí kọ́bọ́ọ̀dù ní Ìlú Ọba sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo: fífẹ̀ wọn sábà máa ń jẹ́ mílímítà 300, 400, 500, 600, 800 tàbí 1000. Ẹni tí ó bá ní ìwé tí a kọ iye wọn àti fífẹ̀ wọn sí lè gbé e lọ sí ìsọ̀ mẹ́ta kí wọ́n pe ohun kan náà fún un. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni bí pákó ṣe nípọn tó (mílímítà 15 kì í ṣe ẹgbẹ́ 18), irin tí ó di ilẹ̀kùn mú, àti bí àwọn àpótí tí à ń fà jáde ṣe ń rìn. Bí ọlọ́jà bá yára dín owó kù, ẹ wò ó dáadáa bóyá pákó fẹ́lẹ́ kọ́ ni ó fi rọ́pò èyí tí ó nípọn.

Àwọn kan yóò ní òyìnbó kì í ná ọjà. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Howdens, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, kì í tà fún onílé tààrà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń tà fún, ọ̀gá ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń bá wọn sọ iye. Ojoojúmọ́ ni àwọn káfíńtà òyìnbó ń dúnàádúrà níbẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ máa ná ohun gbogbo o. Ní IKEA, iye tí ó wà lára ọjà ni wọn yóò gbà, ẹ má da ara yín láàmú. Mímọ ọjà tí ó ṣeé ná yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣeé ná wà lára ọgbọ́n náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo ní ẹjọ́ kan láti bá àwọn tí ń kọ ìwé fún yín rò. Ẹ̀kọ́ ọjà inú ìwé máa ń parí kíákíá: “Èló ni?” “Ọgọ́rùn-ún náírà ni.” “Ó wọ́n jù.” Wọn a dín in kù, ó parí. Wọn kì í kọ́ yín ní ìdákẹ́jẹ́, wọn kì í sì kọ́ yín ní yíyí ẹ̀yìn padà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá lè rìn kúrò níwájú ọjà kò tíì mọ ọjà ná. Gbólóhùn tí ó dùn jù lọ nínú ọjà Yorùbá, ẹ̀yìn ni a ti máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí a ti rìn tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá: “Ẹ padà wá, ẹ mú owó wá.”

Ẹ̀gbọ́n mi ná ilé ìdáná náà ní 6,000. Ọmọkùnrin náà ní ó di dandan kí òun bi ọ̀gá òun; ó wọlé lọ, ó pẹ́, ó jáde pẹ̀lú 8,400, ó ní títí di alẹ́ ọjọ́ náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún kọfí. Àyà mi já, nítorí pé ìyàwó mi ti fẹ́ràn ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn. Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Ní ọjọ́bọ̀, tí ó jẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù, tẹlifóònù mi dún. Àwọn tí ń tajà báyìí ní iye tí ọ̀gá wọn retí kí oṣù tó parí, ẹ̀gbọ́n mi sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tí ó sọ fún wọn. 6,900 ni a fẹnu kò sí, sítóòfù kò sí nínú rẹ̀.

Ti owó àsansílẹ̀ ni ó kù, níbẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ jà. Wọ́n fẹ́ kí n kó owó lọ, kí n fi gba ẹ̀dínwó díẹ̀ sí i. Mo kọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, MFI, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta ilé ìdáná jù lọ ní Ìlú Ọba, wó lulẹ̀, wọ́n sì ti àwọn ìsọ̀ rẹ̀ pa. Bí ilé iṣẹ́ bá wó bẹ́ẹ̀, lára àwọn tí ó kẹ́yìn ni oníbàárà tí ó ti sanwó sílẹ̀ yóò wà. Ṣùgbọ́n abala 75 nínú òfin àwìn ti ọdún 1974 sọ pé bí ọjà bá ju 100 pọ́n-ùn lọ tí kò sì ju 30,000 lọ, tí a sì fi kírẹ́díìtì káàdì san owó rẹ̀, àní bí ó jẹ́ apá kan rẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ tí ó fún wa ní káàdì náà yóò jọ jẹ́ ẹjọ́ náà pẹ̀lú ọlọ́jà. Ẹ má sì gbójú lé ọjọ́ 14 tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé a fi lè yí ọkàn padà. Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí èyí tí ọlọ́jà wá tà fún wa nílé, ni òfin yẹn wà fún, kò sì kan ohun tí a gé ní ìwọ̀n ilé ẹni. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé nínú ìsọ̀ ti fọwọ́ sí i nìyẹn, àyàfi bí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ bá fún un láàyè. Káàdì ni mo fi san án.

A ti fẹ́ jáde nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ bèèrè èènì, wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò rí i. Wọ́n kàn nawọ́ sí ẹ̀rọ omi kan tí ń dán lára ògiri, wọ́n ní, “Fi ìyẹn lé e fún màmá rẹ.” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ ọ́ mọ́ ọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ìyá mi. Wọ́n bèèrè iye tí a rà á, mo sọ fún wọn. Wọ́n bèèrè iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é, mo tún sọ. Wọ́n dákẹ́ bí wọ́n ti ṣe níjọ́sí, wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ wà níbẹ̀, tí ẹ fi san tó bẹ́ẹ̀?”