Owó Tí A Fi Ránṣẹ́ Nìkan Kọ́ Ni Ìtọ́jú Ìyá

Èrò kan ti jókòó sí wa lọ́kàn tí a kì í yẹ̀ wò: pé ọmọ tó bá ti ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù ti tọ́jú ìyá rẹ̀, kí èyí tó wà nítòsí máa ṣe ìyókù. Nídìí èyí, ẹni tó wà ní Manchester là ń kí pé ó ṣe ọmọ. Ẹni tó ń fọ ìdí màmá ní Ìbàdàn, a ní ó kàn ń bá màmá gbélé ni. Irọ́ pátápátá ni.

Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ ni ìtọ́jú. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, a gbọ́dọ̀ máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi wákàtí méjì-méjì, kí egbò má baà dá sí i lára. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní àsìkò tirẹ̀. Arúgbó tó ń ṣarán kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ta ló lè ṣe gbogbo èyí, kó tún lọ ṣí ìsọ̀ ní ọjà Gbági láàárọ̀?

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó wà lókè òkun gan-an mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Nígbà tí Ìlú Ọba ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó ní oṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló gba ọ̀nà yẹn lọ. Wọ́n ń wẹ ìyá oníyàá, wọ́n ń pààrọ̀ páńpáàsì rẹ̀, wọ́n sì ń gbowó rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Kí ló dé tí iṣẹ́ kan náà fi di àìríṣẹ́ṣe nígbà tí àbúrò wọn ń ṣe é nílé?

Lẹ́ẹ̀kẹta, "màá wá mú màmá" kì í ṣe ètò. Láti ọdún 2012 ni òfin Ìlú Ọba ti le: ọmọ gbọ́dọ̀ fẹ̀rí hàn pé ìyá òun nílò ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, àti pé pẹ̀lú owó tí òun ń fi ránṣẹ́, kò lè rí i gbà nílé. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi èyí hàn ní Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn UCH ti ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó láti ọdún 2012 yẹn kan náà?

Ẹ ó ní, "Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?" Rárá. Ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta aṣọ kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2004 kò dé ìsọ̀ rẹ̀. Ìlàkàkà yín ló ń ra oògùn. Ohun tí a ń bá yín jà lé lórí ni pé ẹ sọ ìlàkàkà àbúrò yín di ohun ìrúbọ fún tiyín.

Wọ́n á tún pòwe pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkété tó bí mẹ́rin kì í mu ọmú ẹyọ kan títí tí yóò fi gbẹ.

Nítorí náà, ẹ pe ìpàdé ẹbí kí àìsàn tó pè é. Ẹ bi màmá fúnra wọn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ ka iṣẹ́ ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ san owó oṣù fún ẹni tó ń ṣe é. Bí ẹ bá gba ìsinmi wálé, ẹ gba ipò rẹ̀ kó lè sinmi. Ẹ má fi gbogbo ìsinmi náà jó lóde. Kí ọmọkùnrin má sì sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ọmọ tó fowó ránṣẹ́ ṣeun. Ọmọ tó dúró ti ìyá, gbèsè rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn gbogbo ẹ̀yin yòókù.